Asọ̀rọ̀mágbèsì Bàbá Mi

Ọjọ́bọ̀ ni aṣọ máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ní òde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á ti kó tiwọn dé, wọ́n á sì fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ariwo Mọ́kọ́lá bá rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń ki fóònù mi bọ inú agolo mílíìkì tó ti tán kí ohùn rẹ̀ lè ròkè, mo á tan ètò sáyẹ́ǹsì tí mo ti gbé sórí rẹ̀ láti àárọ̀, mo á wá fa àyọ́ọ̀nù mọ́ra. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi á ní, "Ọ̀gá, àwọn aláríyànjiyàn yín tún ti dé."

Orúkọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá mi ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi náà, ní Àkúrẹ́. Rédíò kan wà lórí pẹpẹ tó ń to aṣọ tó ti lọ̀ sí, oníbátìrì mẹ́rin. Eriali rẹ̀ ti ṣẹ́, ó wá fi wáyà so ìdí rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé. Kì í pè é ní rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ló ń pè é, bí àwọn ará ìgbà tiwọn ti ń pe àpótí oníwáyà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri láyé òyìnbó. "Ó lè bú ẹ láti àárọ̀ dalẹ́," ni wọ́n máa ń wí, "o ò lè bú u padà."

Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá mi gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń bá oníbàárà ná owó lọ. Ṣùgbọ́n ètò Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọn kì í fẹ́ kó kọjá wọn, ìyẹn Science in Action ti BBC World Service, tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà náà lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù. Ohùn wọn á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Èmi ni ògbufọ̀. "Dúpẹ́, kí ni wọ́n ń wí?" Èmi á ní wọ́n ní àwọn rí nǹkan báyìí báyìí. Bàbá mi á mi orí, wọ́n á dúró. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ẹnì kejì. Nítorí nínú ètò yẹn, tí onímọ̀ kan bá ti ròyìn ohun tó rí tán, wọn a máa mú ẹlòmíràn tí kò sí nínú iṣẹ́ náà wá, pé kí ó sọ ojú tí ó fi wò ó. Onítọ̀hún á ní iṣẹ́ ńlá ni, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n. Ibi "ṣùgbọ́n" yẹn ni bàbá mi ti máa ń gbé àyọ́ọ̀nù dúró.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kí n tó rí ibi jókòó, wọ́n á ti bi mí: "Ìjà ọjọ́sí, ṣé wọ́n ti parí ẹ̀?"

Ìtumọ̀ ṣíṣe yẹn ló kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá yé, o kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ aṣọ. Jíìnì di "àbímọ́" lẹ́nu mi. Mo ṣàlàyé ihò dúdú ojú ọ̀run tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tí kì í sì í pọ̀ ọ́. Bàbá mi ní, "Àwọn oníná ni wọ́n ń sọ yẹn."

Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, mo ti jáde polí, iṣẹ́ ò sí, mo ti padà sídìí àyọ́ọ̀nù. Ìròyìn kan jáde tó gba gbogbo rédíò kan. Àwọn onímọ̀ físíìsì kan tí orúkọ iṣẹ́ wọn ń jẹ́ OPERA ní àwọn wọn ìrìn àwọn nǹkan tíńtìntín kan tí à ń pè ní neutrino. Láti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ńlá kan lẹ́bàá Geneva, ni wọ́n ti ń rán wọn gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibùdó ìwádìí mìíràn ní Gran Sasso ní Ítálì, nǹkan bí kìlómítà 730. Neutrino kì í nílò ihò. Ó ń gba inú àpáta kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Wọ́n ní ó fi 60 nanosecond ṣáájú àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ ìbá fi débẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ohun tí Einstein ti fi lélẹ̀ láti 1905, pé kò sí ohun tó lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, yóò yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀.

Bàbá mi ní kí ni nanosecond. Mo ní kí wọ́n mú ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n gé e sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Mo ń fi ọwọ́ òsì ṣàpèjúwe bó ṣe kéré tó. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí ẹnì kan fẹ́ wọ̀ ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí mo gbé àyọ́ọ̀nù kúrò, àmì rẹ̀ ti wà lábẹ́ àpò àyà, ó pọ́n rúsúrúsú, ó rí gẹ́lẹ́ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Bàbá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n fi ìyára neutrino lọ ra òmíràn. Owó mi ni.

Ṣùgbọ́n wọn kò pa rédíò. Jim Al-Khalili, onímọ̀ físíìsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún máa ń ṣe ètò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti sọ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè já sí òótọ́, òun yóò jẹ pátá òun lórí tẹlifíṣọ̀n níṣojú gbogbo ayé. Bí mo ti túmọ̀ ìyẹn, bàbá mi jókòó. Ní gbogbo oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè wọn yí padà. Wọn kò bi mí mọ́ bóyá wọ́n ti parí ìjà. "Dúpẹ́, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jẹ pátá ẹ̀?"

Kò jẹ ẹ́. Ní oṣù Kejì 2012 ni wọ́n kéde pé àwọn rí ibi tó ti bàjẹ́. Wáyà kan tó so ẹ̀rọ GPS tí wọ́n fi ń mọ àsìkò mọ́ kọ̀ǹpútà ni wọn kò dè mọ́lẹ̀ dáadáa. "Páṣíà kọ́ńtáàtì!" Bàbá mi lu tábìlì. Àrùn tó ń ṣe rédíò tiwọn náà nìyẹn láti bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ wáyà yẹn, ohùn náà sì là. Olórí àwọn OPERA, Antonio Ereditato, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹta. Kí ọdún tó dé ìdajì, àwọn mìíràn ní Gran Sasso kan náà ti wọ̀n ọ́n fúnra wọn, neutrino kò yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni à ń fi di aṣọ fún oníbàárà nígbà yẹn, ìdì ńlá ńlá la máa ń rà. Lọ́dún yẹn, mo bá ìròyìn neutrino pàdé nínú ìdì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, Einstein ti kùnà, Einstein ti ṣubú. Mo wá ìròyìn wáyà títí, n kò rí ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìròyìn lásán àti ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn lójú mi. Ẹni tó ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn níwájú kò lè sá fún ohun tó sọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn OPERA fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi wá àṣìṣe tí wọn kò rí i, nígbà tí wọ́n sì máa sọ ọ́, wọ́n ní kí ayé bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. N kò rí ohun ìtìjú nínú wáyà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ rédíò ti wa níhìn-ín láàárọ̀. Ìgò kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo àìríọmọbí, ó tún ń là ojú. Ẹni tó bá pe orí ètò, ẹ̀rí ló fẹ́ jẹ́. Kò sí ẹnì kejì, kò sí "ṣùgbọ́n." Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé. Inú ewé ni Tu Youyou ti ilẹ̀ Ṣáínà ti rí artemisinin tí gbogbo wa ń lò sí ibà, òun náà wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti 2015. Ṣùgbọ́n ó wọ̀n ọ́n, ó dán an wò lára ẹranko, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún, ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wádìí rẹ̀ wò. Èyí tó ń pariwo láàárọ̀ yìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an.

Ní 2020 mo ti wà ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi. Oṣù Kejì ni, kòrónà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ń lọ gèlè lọ́wọ́, etí kan ni mo fi ń gbọ́ wọn, ni mo gbọ́ "Yoruba" lẹ́nu òyìnbó. Mo dáwọ́ dúró. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́. Kì í ṣe orin, kì í ṣe òrìṣà. Àbímọ́ wa ni wọ́n ń sọ.

Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman ti UCLA, yunifásítì kan ní California, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science Advances. Wọ́n yẹ àbímọ́ àwọn ènìyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wò, Yorùbá Ìbàdàn, Ẹ̀sán, Mẹ́ńdè ti Sàró, àti àwọn ará Gáḿbíà. Wọ́n ní ohun tó wà láàárín ìdá 2 sí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dà bí èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ènìyàn kan wá, ẹ̀yà tó ti yà kúrò lára ìran wa kí ìran wa àti ti Neanderthal, irú ènìyàn àtijọ́ kan tó ti pòórá, tó pínyà. Kò sí egungun wọn, kò sí eyín wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ wa nìkan ni wọ́n kù sí. Àwọn oníròyìn ń pè wọ́n ní iwin. Èmi rò pé àkúdàáyà ló bá wọn mu jù, ẹni tó ti kú nílé rẹ̀, tó wá ń gbé ìlú ẹlòmíràn, tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń bímọ.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n fi ń wo ìyàtọ̀ inú àbímọ́ ọmọ ènìyàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ará Ìbàdàn kan fínnú-fíndọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá, ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé, 90 ènìyàn. Wọ́n kó o lọ sí ibi ìtọ́jú kan ní New Jersey, wọ́n kọ YRI sí i lára, ìyẹn Yorùbá Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń ka àbímọ́ ọmọ ènìyàn, YRI wà níbẹ̀. Ní 2008, wọ́n ka ti ọkùnrin kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ láyé. NA18507 ni wọ́n ń pè é. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Àwa náà kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Bíró la fi ń kọ nọ́ńbà sí abẹ́ kọ́là. Nígbà mìíràn mo máa ń wo àwọn bàbá tó ń gbé agbádá wá, mo á máa rò ó pé, tó bá jẹ́ pé èyí ni 18507 ńkọ́? Ó ń bá mi yọwó lórí náírà igba.

Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ni ìjà bá dé. Alhájà kan tó wá gba léèsì rẹ̀ ní, "Wọ́n tún fẹ́ sọ pé ọ̀bọ ni wá. Ọjọ́ ti pẹ́." N kò lè bá wọn jiyàn púpọ̀, nítorí òyìnbó ti fi ìgbà kan máa wọn agbárí àwọn baba wa kiri láti fi wá ẹni tó rẹlẹ̀. Mo kàn ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó náà ní tiwọn, Neanderthal wà lára wọn. Alhájà ní, "Ìyẹn kàn wọ́n." Mo pe bàbá mi lálẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n wá bi mí pé, "Ẹnì kejì ńkọ́? Kí ló wí?"

Ẹnì kejì pẹ́ kó tó dé. Oṣù Karùn-ún 2023 ni, nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Aaron Ragsdale, Brenna Henn, Simon Gravel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi àbímọ́ àwọn ènìyàn 44 láti inú ẹ̀yà Nama ní Gúúsù Áfíríkà kún ti àwọn tí wọ́n ti ní nílẹ̀, wọ́n sì dán oríṣiríṣi ìtàn wò, èyí tó bá a mu jù. Wọ́n ní kò pọn dandan kí iwin kankan wà. Àwọn baba ńlá wa kò fi ìgbà kan jẹ́ agbo kan ṣoṣo. Ó kéré tán, wọ́n pín sí agbo méjì tí kò jìnnà síra, tí wọ́n ń pínyà, tí wọ́n tún ń fẹ́ ara wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí odò tó yà sí méjì tó tún pàdé nísàlẹ̀, tó tún yà. Bí o bá bu omi rẹ̀ tí o rí àwọ̀ tí o kò mọ̀, kò túmọ̀ sí pé àjèjì ló da nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ ọwọ́ kejì odò kan náà.

Lójú tèmi, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí bá bí ènìyàn ṣe ń gbé ayé mu jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi ní láti gbà á nìyẹn. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀.

Nídìí ìjà yìí ni mo ti ka nípa agbárí kan. Ní 1965, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn tó wà ní yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ gbẹ́lẹ̀ nínú ihò àpáta kan lẹ́bàá Isarun, ibi tí ọkọ̀ kò ní rìn tó wákàtí kan láti Àkúrẹ́. Wọ́n hú egungun ènìyàn kan jáde. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí egungun náà lẹ́yìn náà fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín ọdún 11,700 sí 16,300. Ìyẹn kì í ṣe ohun àtijọ́ rárá níbi tí ọ̀rọ̀ egungun dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Katerina Harvati, Chris Stringer, Caleb Folorunso ti Ìbàdàn àti àwọn mìíràn wọn ìrísí agbárí náà, ó gùn, ó sì lọ sílẹ̀ lórí, ó jọ ti àwọn tó gbé ayé ní ohun tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni àná, orí ìjọ́un. Ó lè jẹ́ àkúdàáyà yẹn ló yọjú. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ kejì odò.

Oṣù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ló dùn mí. Oṣù Kẹsàn-án 2011. Oṣù tí mo jó ṣẹ́ẹ̀tì gan-an. Mo wà ní Àkúrẹ́, mo ń pariwo Geneva, mo ń pariwo Ítálì, ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa kò kàn mí létí.

"Iwo Eleru" ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ìgbà Shaw. Mo pe bàbá mi, mo kà á bí mo ti rí i.

"Ìwo kí ni?"

"Ìwo ẹlẹ́rù, Bàmi."

"Ìwo màlúù tó ru ẹrù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ihò Eléérú lo fẹ́ pè. Ihò. Tó ní eérú nínú. Ta ló ń jẹ́ ìwo ẹlẹ́rù?"

Mo rò pé àwàdà wọn ni. Ìgbà tí mo wá a lọ sí iwájú ni mo rí i pé àwọn onímọ̀ náà ti ń tún un kọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Ihò Eléérú. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣi orúkọ náà gbọ́, gbogbo ayé sì ń tò tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé tó bá ń gbọ́ Yorùbá ì bá bá wọn tún ṣe lọ́jọ́ kan náà, ó gbà ju ogójì ọdún lọ kí èsì rẹ̀ tó dé inú ìwé. Èyí ni mo fi ń bá àwọn ètò tí mo fẹ́ràn wọ̀nyí jà. Wọ́n ń pe ẹnì kejì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kejì náà máa ń wà ní London, ní California. Ìbàdàn wà nínú ìròyìn bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, n kì í sábà gbọ́ ọ lórí fóònù kó máa sọ pé "ṣùgbọ́n."

Èédú ni Shaw àti àwọn tirẹ̀ kọ́kọ́ fi mọ bí ibẹ̀ ti pẹ́ tó, èédú iná tí àwọn kan dá síbẹ̀. Mo rántí ìyẹn lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Iná lọ, mo bọ́ sórí àyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ń fẹ́ eérú kúrò lẹ́nu rẹ̀ kó má baà ta sí aṣọ. Bàbá mi wà lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ mi. A gbé e síbi agolo kí wọ́n lè máa gbọ́ rédíò láti Àkúrẹ́. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́.

"Dúpẹ́! Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ní àwọn rí egungun mìíràn, Bàmi."

"Níbo?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ná."

"Ta ló máa jẹ pátá nínú èyí?"

Mo yíjú sí fóònù láti dá wọn lóhùn. Ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.